Ta Ni Yóò Fa Ìtàn Iwájú Gùn?

Ìtàn kì í sábà parí lójú ẹni tí ó gbọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ parí lójú ẹni tí ó sọ ọ́. Ní 1967, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ṣì ń gbé Star Trek jáde, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti tẹ ìwé Spockanalia, wọ́n sì ń fa ìtàn náà gùn fúnra wọn.

Àwọn ọmọ tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois sún mọ́ ọ̀nà yìí. Ní 2020, wọ́n fi ohun èlò ilé lásán ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction. Ọgbọ́n ojú àti ti ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwòkọ ni. Afàtàngùn ní láti bèèrè ohun tí onítàn kò sọ.

Ẹ wo Iwájú, ìtàn onísáyẹ́ǹsì alápá mẹ́fà tí Disney àti Kugali gbé jáde ní oṣù kejì 2024. Tọ́lá ń gbé ní Erékùṣù, Kọ́lé ní òdìkejì afárá. Ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà jinlẹ̀ nínú rẹ̀, n kò sì bá a jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ṣé ibẹ̀ nìkan ni Èkó mọ? Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń kọ́? Ọkọ̀ tí ń fò nínú ìtàn yẹn, ǹjẹ́ ó ń balẹ̀ sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ná ẹja? Èdè wo ni wọn yóò fi ná an nígbà náà?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ apá keje ní Yorùbá (kí ó má ṣe tà á o, ìtàn ní olówó), kí ó mú Kọ́lé wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, kí ó sì darí rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.