Ìṣó Mẹ́ta ti Coventry

Ní òru ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1940, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù sórí Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kàtídírà Míkáẹ́lì Mímọ́ jóná, ó ku ògiri. Àlùfáà àdúgbò kan ṣa ìṣó mẹ́ta, ìṣó ńláńlá ayé àtijọ́, láàárín àjókù òrùlé. Ó dè wọ́n pọ̀, wọ́n di àgbélébùú. N ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó wọ̀ mí lọ́kàn tó o.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún náà gan-an, Richard Howard, olórí àlùfáà ibẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti inú àwókù náà pé kí àwọn lé èrò ẹ̀san jìnnà, bó ti wù kó nira tó. Ẹ rò ó wò: ogun ṣì ń jà lọ́wọ́! Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ: “Baba, dárí jì.” Wọn ò kọ “dárí jì wọ́n,” torí kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tán.

Àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Coventry ò gbàgbé, síbẹ̀ wọ́n rẹ́ni bá rẹ́. Wọ́n fi àwókù náà sílẹ̀, wọ́n kọ́ kàtídírà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1962. Ní 1965, àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ sí Dresden, ìlú tí bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà sọ di eérú ní 1945, wọ́n bá wọn tún ilé ìwòsàn kọ́. Ìdáríjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ṣì ń gbàdúrà ìlàjà nínú àwókù náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ní agogo méjìlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba, ẹ yà síbẹ̀, kẹ́ ẹ bá wọn ṣe Àmín.