Ọ̀rọ̀ Ńláńlá Lẹ́nu Lákúnlé: Àyẹ̀wò Ìlò Èdè nínú The Lion and the Jewel

Ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré onítàn Wọlé Ṣóyínká yìí ní Ìbàdàn; ó di ìwé ní ọdún 1963. Ìjà àṣà àti ọ̀làjú ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń tẹnu mọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Lákúnlé, olùkọ́ Ìlújìnlẹ̀, ń kó jọ yẹ ní àyẹ̀wò.

Nígbà tí Sìdí ní kí ó san owó orí òun, Lákúnlé to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ju mẹ́wàá lọ láti bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà. Ọ̀kan nínú wọn, remarkable, kì í ṣe èébú. Ènìyàn tí ìjọ lé jáde ni excommunicated wà fún, kì í ṣe àṣà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó ní atúmọ̀-èdè kékeré ni òun ní, òun ti ránṣẹ́ ra ńlá. Ó rò pé ìwé ni ó kéré. Òye ìlò ni kò tó.

Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Odindi ni Lákúnlé sọ, kò dénú Sìdí. Baálẹ̀ Baroka, tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó bá etí rẹ̀ mu, bí ẹ̀tàn tilẹ̀ wà níbẹ̀, ni ó fẹ́ ẹ.

Nítorí náà, kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí kò ṣe àkọ́sórí. Olùkọ́ tí ó bá kọ ogún ọ̀rọ̀ sójú pátákó ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìtumọ̀ wọn sórí, Lákúnlé ni ó ń tọ́. Kí ó kọ́ wọn ní ẹni tí a ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún, àti ìgbà tí kò yẹ kí a sọ ọ́.