Janet Werker àti Etí Ìkókó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ròyìn iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Janet Werker máa ń lò láìwẹ̀yìn wò: wọ́n ní ìró èdè àjèjì a máa sọnù létí ọmọ kí ó tó pé ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ó ń tan olùkọ́ jẹ.

Ìwádìí tí ó bí i ni èyí tí Werker àti Richard Tees tẹ̀ jáde ní 1984. Ní Vancouver, ní Kánádà, wọ́n gbé àwọn ìkókó tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé wọn lé òbí lẹ́sẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ìró kan léraléra. Bí ìró bá yí padà tí ọmọ sì yíjú, ẹranko ìṣeré kan a tan iná, a sì máa mira níwájú rẹ̀. Wọ́n fi orin dí etí òbí kí ó má baà ta ọmọ lólobó, ọgbọ́n tí ó yẹ kí gbogbo olùdánwò kọ́. Ìró "t" méjì tí èdè Hindi yà sọ́tọ̀ ni wọ́n lò: ọ̀kan tí a ń fi ahọ́n kan eyín pè, èkejì tí a ń ká ahọ́n sẹ́yìn pè. Wọ́n tún lo ìró méjì láti inú Nthlakampx, èdè àwọn onílẹ̀ kan ní ìhà ibẹ̀. Púpọ̀ jùlọ àwọn ọmọ oṣù 6 sí 8 mọ ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ó fi di oṣù 10 sí 12, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọmọ tí ń gbọ́ èdè wọ̀nyí nílé kò ṣì í.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984 yẹn kan náà ni àwọn méjèèjì fi hàn pé àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ìyàtọ̀ náà bí a bá gé ìró náà kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jọ ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́. Etí kò di. Ọkàn ni ó ti kọ́ ohun tí kò yẹ ní fífiyèsí. Ní 1988, Catherine Best àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lo àwọn ìró èdè Zulu tí ó fara jọ òṣé pípa. Àgbàlagbà elédè Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyàtọ̀ wọn, ìkókó títí dé oṣù 14 náà sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìró kan nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ì bá gbé wọn mì, gẹ́gẹ́ bí "b" ti gbé "gb" mì lẹ́nu àwọn Òyìnbó tí ń pe Ìgbò ní Ìbò.

Ní ti ohùn, tí ó kan Yorùbá jù, Karen Mattock àti Denis Burnham rí i ní 2006 pé láàárín oṣù 6 sí 9 ni ọmọ elédè Gẹ̀ẹ́sì ń dẹwọ́ lórí ìyàtọ̀ ohùn èdè Thai, tí àwọn ọmọ elédè Ṣáínà kò sì dẹwọ́. Èyí kò fún olùkọ́ kankan láṣẹ láti pa ọmọ tí ń da ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ pọ̀ tì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bá a sọ nílé.

Àléébù tòótọ́ ìdánwò 1984 ni pé ìró ìhòòhò ni wọ́n lò, ìró tí kò pe ẹnikẹ́ni, tí kò sì rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ìkókó tí a pọ̀n nílẹ̀ Yorùbá kì í gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Inú orúkọ àti oríkì rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ wọn, láti ẹnu ẹni tí ó gbé e sẹ́yìn.