Ìwé Ló Ń Gba Ipò Kìíní

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó sí ìdíje Bibliobattle kí wọ́n tó dìbò: nínú àwọn ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa wọn yìí, èwo ló ń wù yín kà jù? Wọn kì í béèrè ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Wọn kì í béèrè ẹni tó dúró ṣinṣin tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọmọ lè máa kólòlò, kí òógùn bò ó nímú, kó sì jẹ́ pé ìwé tirẹ̀ ni ìbò rẹ̀ máa pọ̀ jù, torí pé bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tì yẹn gan-an ló mú kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fura pé ohun tó wà nínú ìwé náà ju ẹnu lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo ìdíje ilé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n ń lu agogo sí, tí ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ ń gba máàkì. N kò tíì rí ìbéèrè kan níbẹ̀ tó ṣiṣẹ́ tó èyí.

Taniguchi Tadahiro ló gbé ìdíje náà kalẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ lítíréṣọ̀, iṣẹ́ ilé ìkàwé kọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì, àti bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ́ èdè, ni ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ní 2007, ní Yunifásítì Kyoto lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi yan ìwé tí wọ́n lè jọ máa kà. Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé rí mọ wàhálà ibẹ̀. Àgbà inú ẹgbẹ́ á dárúkọ ìwé, àwọn yòókù á ní ó dára bẹ́ẹ̀, bó bá wá di ọjọ́ ìpàdé, ẹni méjì péré ló ti kà á kọjá ojú ewé 20. Ohun tí Taniguchi ṣe ni pé kí oníkálùkù mú ìwé tó dùn mọ́ ọn wá, kó polówó rẹ̀ fún àwọn yòókù, kí gbogbo wọn wá dìbò. Láti inú yàrá ìwádìí ni ó ti bọ́ sí ilé ìkàwé ìlú, ó bọ́ sí ilé ìtàwé, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́. Ní 2010, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti pé jọ sí Tokyo fún àṣekágbá tiwọn. Láti 2014 ni àwọn ọmọ girama àgbà náà ti ní ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Mú ìwé tí o ti kà tó sì dùn mọ́ ọ wá. Sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí gbogbo ìjókòó bá ọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Bí gbogbo olùsọ̀rọ̀ bá sọ tán, kí oníkálùkù dìbò kan. Ìwé tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lóréfèé á ní kí ló tún wà níbẹ̀. Inú ohun tó kéré jù nínú àwọn òfin náà ni ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́ sí.

Ìwé tí ọmọ mú wá, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yàn án. Olùkọ́ lè dábàá, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ni abẹ gé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gbé ìwé nípa kòkòrò wá, èyí tó gbé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá àti èyí tó gbé ìwé ìṣirò wá dọ́gba níwájú èrò. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni yóò sọ fún pé irú ìwé yẹn kọ́ là ń wí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún náà ńkọ́? Ọmọ gbọ́dọ̀ lò ó tán. Ibí yìí ni mo ti ń kan sáárá sí ẹni tó ronú rẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ tí ọmọ ń kà jáde, kò sí àwòrán tí wọ́n ń tàn sára ògiri. Ìwé lọ́wọ́, aago níwájú, ó parí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń múra ọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀: orúkọ òǹkọ̀wé, ohun tí ìtàn dá lé, pé ó dùn gan-an ni. Èyí tán, aago ṣì ń lọ, òfin kò sì jẹ́ kó jókòó. Ó di dandan kó wá nǹkan mìíràn sọ, ohun tí kò sì múra rẹ̀ ló sábà máa ń jáde: pé inú ọkọ̀ ojú irin lòun ti ń ka orí keje, tí òun fi gbàgbé ibi tó yẹ kí òun ti sọ̀ kalẹ̀, pé màmá òun ló ni ìwé náà tẹ́lẹ̀, òun sì rí àwọn ibi tí wọ́n ti fi pẹ́ńsù fàlà sí nígbà tí àwọn náà wà lọ́mọdé, pé òun kò lè fojú kan ọmọbìnrin inú ìtàn náà títí ìwé fi dé ìdajì. Ìṣẹ́jú kẹrin àti ìkarùn-ún ni ìwé ti ń rí ẹni tí yóò kà á. Ẹ̀dà oníṣẹ́jú mẹ́ta wà lóòótọ́, ó sì tó fún àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n àkópọ̀ ìtàn la sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀.

Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe mọ ibi tó ti yẹ kó dákẹ́. Kì í sọ òpin ìtàn, kì í tilẹ̀ sọ àárín rẹ̀ tán. Yóò mú ojú kan ṣoṣo nínú ìwé náà, lẹ́tà tó dé lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ ti kú, bí àpẹẹrẹ, yóò rọra tú u wò, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ náà. Ẹni tó gbá ìwé mọ́ àyà kò tíì mọ iṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń gbé e sókè kí wọ́n rí iwájú rẹ̀, yóò sì fi bó ṣe nípọn tó hàn wọ́n, torí ọmọ tí ìwé kì í wù ti ń fi ojú wọn ìwé kó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bó bá nípọn, ọmọ náà á tètè jẹ́wọ́ pé ó nípọn, á wá sọ ibi tí òun dé kó tó di pé òun kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́.

Àkókò ìbéèrè kì í ṣe ìdánwò, òfin kò sì fẹ́ kí wọ́n fi wá àléébù ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó dára níbẹ̀ ni èyí tó ń ran ẹni tó bi í lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ìbò rẹ̀ ń lọ. Ṣé ó ń bani lẹ́rù? Ṣé ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù lè gbádùn rẹ̀? Ta ni o kò ní fún kà? Irú èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ tó bá lè dáhùn rẹ̀ láìwo òkè wo ilẹ̀ ti ka ìwé náà débi pé ó ń fi ojú ẹlòmíràn wò ó.

Ìbò ńkọ́? Olùkọ́ ní ìbò kan, ọmọ ní ìbò kan. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá jókòó síbẹ̀, ẹyọ kan náà ni tiwọn. Àwọn tó polówó ìwé náà ń dìbò, kìkì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dì í fún ìwé ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ń díje kò lè máa ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú nígbà tí ẹnìkejì ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́tí, torí ọ̀kan nínú ìwé àwọn alátakò rẹ̀ ni yóò yàn. Ìdíje mélòó la mọ̀ tó ń mú kí ẹni tó ń díje tẹ́tí sí ẹni tó fẹ́ borí rẹ̀?

Àwọn ọmọ girama àgbà ni irú nǹkan báyìí bá wí jù. Lọ́dọọdún ni Ẹgbẹ́ Ilé Ìkàwé Ilé Ẹ̀kọ́ ti Jàpáánì máa ń ṣèwádìí iye ìwé tí ọmọ kà nínú oṣù Karùn-ún. Ní 2000, ìpíndọ́gba ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìwé 6.1, ti girama kékeré jẹ́ 2.1, ti girama àgbà jẹ́ 1.3. Nígbà tó di 2019, àwọn kékeré ti dé 11.3, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ti dé 4.7. Àwọn àgbà? 1.4. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni kíka ìwé ní òwúrọ̀ gbilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, àṣà tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Hayashi Hiroshi dá sílẹ̀ ní 1988 ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Chiba: ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ àti gbogbo olùkọ́, ìwé tó bá wu kálukú, láìsí àròkọ tí ẹnikẹ́ni yóò kọ lé e lórí. Mo gbà pé ó wà lára ohun tó gbé àwọn kékeré sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 16 tí ìdánwò yunifásítì ń lé bọ̀, tí fóònù wà lápò rẹ̀, kì í kàwé nítorí pé olùkọ́ ní kó kà á. Ẹnu ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn ni Bibliobattle gbà wọlé sí i lára.

Iṣẹ́ olùtọ́jú yàrá ìkàwé kò hàn lọ́jọ́ ìdíje. Òfin tí Jàpáánì ṣe ní 1953 ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní yàrá ìkàwé. Láti 2003, ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kíláàsì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tó gbàwé ẹ̀rí nípa iṣẹ́ náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nínú wọn ti gba orúkọ àwọn ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ó ti wo èyí tó wà lórí pẹpẹ, ó ti yá èyí tí kò sí lọ́wọ́ ilé ìkàwé ìlú. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ló kọ síta, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ìfẹ́ ìwé tí ìdíje dá sílẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ìwé lónìí tí wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti pàdánù rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan ni káàdì kékeré máa ń wà, tí wọ́n ń pè ní POP ní Jàpáánì. Àwọn ọmọ tó wà nínú ìgbìmọ̀ yàrá ìkàwé, tí wọ́n ń jókòó sídìí tábìlì ìyáwèé nígbà ìsinmi ọ̀sán, ló sábà máa ń fi máákà kọ ọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tilẹ̀ ń ṣe ìdíje rẹ̀ lọ́tọ̀. Gbólóhùn kan tàbí méjì ni àyè gbà. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á kọ ọ́ pé: Ìwé yìí dára púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ nǹkan bí: Ẹ má ṣí i nínú bọ́ọ̀sì o, ẹkún wà lójú ewé 143. Òórùn àkàrà ló ń pe oníbàárà kó tó rí agbada. Ẹ tún kíyè sí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìwé gàgàrà, tí orúkọ ẹni tó kọ káàdì sì wà nísàlẹ̀ wínníwínní, ìyẹn bó bá wà níbẹ̀ rárá.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ayé ń gbà fi ìdíje fa ọmọ sí ìwé: kíka iye. Láti 1984 ni Pizza Hut ti ń fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tó bá ka iye tí olùkọ́ dá fún un ní písà. Ìdíje Ìwé Kíká ti àwọn Lárúbáwá, tí alákòóso Dubai dá sílẹ̀ ní 2015, ń béèrè ìwé 50 lọ́wọ́ ọmọ, tí yóò máa kọ àkópọ̀ wọn sínú ìwé pélébé aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń pè ní ìwé ìrìnnà. Ọmọ rẹpẹtẹ ló ti tipa wọn mú ìwé, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó mú ọmọ mú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́n. Bí iye lẹ ń wò, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò mú, ẹni tó ń bá ìwé ńlá kan jìjàkadì láti oṣù méjì á sì gba ipò ẹ̀yìn.

Bibliobattle náà ní àbùkù tirẹ̀. Bó bá ti gorí ìtàgé ńlá, ọmọ tó dé àṣekágbá ti lè sọ nípa ìwé kan náà ní ilé ẹ̀kọ́, ó ti sọ ọ́ ní ẹkùn rẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún dígí. Nígbà náà, ìṣẹ́jú kẹrin ti di àkọ́sórí bí ti ìkínní, kódà ẹ̀rín ti ní ibi tí wọ́n ń rín in sí. Àwọn olùkọ́ kan sì wà tí wọ́n ń sọ ọ́ di iṣẹ́ kíláàsì tí wọ́n ń fi máàkì sí, ọmọ tó fẹ́ máàkì á sì yan ìwé tí olùkọ́ fẹ́ràn. Èmi ò rí i pé ó dára tó ibi tí ọmọ márùn-ún ti fi àga ṣe agbo nínú yàrá ìkàwé lẹ́yìn iṣẹ́, tí ẹnì kan nínú wọn di aago mú.

Nínú agbo bẹ́ẹ̀, ìwé mẹ́rin ni kò ní borí, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń dá olùtọ́jú yàrá ìkàwé tó gbọ́n mọ̀. Kì í gbé èyí tó borí nìkan sórí tábìlì. Ó ń kọ iye ìbò ìwé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, títí kan èyí tó gba ẹyọ kan péré, torí ó mọ̀ pé ẹni tó di ìbò kan ṣoṣo yẹn wà nínú yàrá náà, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ kó tó lọ sílé.