Ta Ni Èèpo Ìwé Ń Bá Sọ̀rọ̀? Àríwísí lórí Èèpo Iwájú Mágásíìnì Yorùbá àti Òǹkàwé Rẹ̀ ní Minna

Bí a bá kó àwọn mágásíìnì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ń tẹ̀ jáde ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni jọ sórí tábìlì kan, ohun méjì ni ojú máa ń bá lórí èèpo iwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni fọ́tò ènìyàn ńlá kan nínú agbádá tàbí aṣọ oyè ẹ̀kọ́: ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, ọba, tàbí olóṣèlú tó dáwó ìtẹ̀wé. Bí a kò bá rí ènìyàn ńlá, a ó rí gángan, ìlẹ̀kẹ̀, igbá fínfín àti adé. Ní àwọn àpérò bí irú èyí, a máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí gírámà, lórí lítíréṣọ̀ àti lórí ọ̀nà ìkọ́ni. Èèpo tí a fi ń wé èdè náà fún ọ̀dọ́ kì í sábà rí ẹni dá sí i. Òun ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, ìbéèrè wa kò sì ju ẹyọ kan lọ: ta ni èèpo wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀?

Roland Barthes, lámèyítọ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ nínú ìwé rẹ̀ Mythologies (1957) bí ó ṣe rí ẹ̀dà Paris-Match kan ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Lórí èèpo rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wọ aṣọ ológun Faransé, ó gbójú sókè, ó ń kí àsíá. Barthes ka ohun tí àwòrán náà fẹ́ kí ènìyàn gbà láìjanpata: pé ìjọba Faransé tóbi, pé gbogbo ọmọ rẹ̀, àti dúdú àti funfun, ló ń sìn ín tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí a fi irú ojú yẹn wo fọ́tò ọ̀gá àgbà lórí mágásíìnì akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé yìí ti ní olówó, a sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú un dání kàn bá wọn dé ibi ayẹyẹ ni. A kò ní kí a má dúpẹ́ o. Yorùbá ni wá, a mọ iyì ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹta gba ọpẹ́, ó sì gba fọ́tò pẹ̀lú.

Ti gángan àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ṣòro jù láti bá jà, nítorí ó dà bí ẹni pé àṣà gan-an ni a ń bá jà. Ìtàn Drum yóò ràn wá lọ́wọ́ níbí. Lọ́dún 1951 ni mágásíìnì náà bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú orúkọ The African Drum. Àwọn aláwọ̀ funfun tó dá a sílẹ̀ rò pé ohun tí aláwọ̀ dúdú yóò fẹ́ rà ni ìtàn àwọn baba ńlá, àwọn olóyè, orin àti àṣà ìgbèríko. Ọjà kò yá. Wọ́n kó lọ sí Johannesburg, Anthony Sampson di olóòtú, ó sì lọ bi àwọn ènìyàn ìlú náà léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Èsì wọn ṣe tààrà: wọ́n fẹ́ orin jáàsì, wọ́n fẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ akànṣẹ́, wọ́n fẹ́ òṣèré sinimá, wọ́n fẹ́ rí ara wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú ńlá. Èèpo yí padà. Olórin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń rẹ́rìn-ín gba ibẹ̀, kí àwọn ọdún 1950 sì tó parí, Drum ti gbalẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà pẹ̀lú.

Àwọn tó kọ èèpo àkọ́kọ́ yẹn kò kórìíra àṣà wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ẹlòmíràn ya àwòrán wọn bí ohun inú ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó tún wá tà á fún wọn. Ìbẹ̀rù wa ni pé àwa fúnra wa, tí a jẹ́ onílé, ti ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Nígbà tí gbogbo mágásíìnì Yorùbá bá ń gbé igbá àti ìlẹ̀kẹ̀ síwájú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yóò gbà pé èdè náà ti dàgbà kí wọ́n tó bí òun, pé kò sí ohun tí òun lè fi í sọ nípa fóònù rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ tàbí iṣẹ́ tí òun ń wá.

Yorùbá ti ní èèpo tó ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí ni ilé iṣẹ́ West African Book Publishers, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Atọ́ka. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn níbẹ̀: wọ́n ya àwòrán àwọn òṣèré ẹgbẹ́ alárìnká bí wọ́n ṣe ń ṣe eré, wọ́n to fọ́tò tẹ̀ lé fọ́tò, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ sínú rẹ̀. Ẹni tó ti wo eré Oyin Adéjọbí tàbí ti Moses Ọláìyá ní gbọ̀ngàn ìlú mọ ojú òṣèré kí ó tó mọ lẹ́tà tí a fi kọ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n èèpo náà wà. Ojú tó ti mọ̀ lórí pèpéle ló ń pè é wọnú ìwé, bí ó bá sì ti wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nìyẹn. Àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ yẹ kí a ka Atọ́ka mọ́ àwọn ohun èlò ìkọ́ni tó gbéṣẹ́ jù tí èdè wa ní ní ọ̀rúndún tó kọjá, bí kò tilẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó ṣe é.

Aláròyé tẹ̀ lé ọ̀nà mìíràn. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ni, kì í ṣe mágásíìnì, ṣùgbọ́n ojú ìwé iwájú rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Láti ìgbà tí Àlàó Adédayọ̀ ti mú un fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1996 ni ó ti ń kó àkọlé púpọ̀ jọ síwájú, lẹ́tà ńláńlá, fọ́tò kéékèèké, ọ̀rọ̀ tó dún bí ohùn ẹni tó sáré wọ ilé wá ròyìn. Oníṣẹ́ ọnà tó kàwé lè sọ pé ó kún jù. Ẹ wo àwọn tó máa ń dúró yí àtẹ oníwèé ìròyìn ká láàárọ̀, tí wọ́n ń ka ojú ìwé iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Fún irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, èèpo tó kún ni èèpo tó dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni Black Orpheus, tí Ulli Beier bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1957, mọ òǹkàwé tirẹ̀: àwọn òǹkọ̀wé àti olólùfẹ́ ọnà. Susanne Wenger ṣe èèpo fún un, iṣẹ́ ọnà tó ṣeé gbé kọ́ ara ògiri. Bí a bá gbé èèpo Black Orpheus fún òǹkàwé Aláròyé, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí a bá pààrọ̀ wọn, bákan náà ló máa rí.

Ta wá ni òǹkàwé tiwa ní Minna? Àwọn Yorùbá tó bá òwò àti iṣẹ́ ojú irin wá ti ń gbé ìlú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọmọ-ọmọ wọn ló jókòó sí kíláàsì wa. Hausa ló fi ń ná ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣe ìdánwò, ó lè gbọ́ Nupe tàbí Gbagyi lẹ́nu ọ̀rẹ́, Yorùbá sì ni ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun. Kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó ti dé Ọ̀yọ́ tàbí Ifẹ̀. Èèpo tí a gbé kalẹ̀ bí ẹni pé Ìbàdàn ló ń gbé kò mọ̀ ọ́n rí. A ò tíì rí mágásíìnì Yorùbá kan tó fi ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Bosso síwájú, tàbí ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ lórí fóònù láti Tunga, kí àkọlé sì bi í ní Yorùbá bí ó ṣe ń ṣírò èrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn kò ṣeé fò dá. Lórí èèpo ni a ti máa ń kọ́kọ́ pa á tì, nítorí pé fọ́ǹtì tí oníṣẹ́ ìtẹ̀wé fẹ́ràn kò ní àmì. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa lè mọ̀ bóyá igba, igbá, ìgbà tàbí igbà ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ọmọ Minna tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní gbólóhùn kankan níwájú èèpo tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Inú kíláàsì a gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àmì, lórí èèpo a fi hàn án pé àmì kò pọn dandan. Gaskiya Ta Fi Kwabo, tó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria lọ́dún 1939, fi odidi gbólóhùn Hausa ṣe orúkọ, pé òtítọ́ ju kọ́bọ̀ lọ, ẹni tó bá sì gbé e mọ ohun tó rà. Orúkọ ìwé ni àkọlé tó ń pẹ́ jù lójú. Ó tọ́ kí a wá fọ́ǹtì tó lè gbé e.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kò gba owó. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe mágásíìnì ẹ̀ka, kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan sílẹ̀ nípa ẹni tí yóò kà á: ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ń gbé, èdè tó ń sọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n ya èèpo mẹ́ta fún ẹni náà, kí wọ́n gbé wọn lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ń jókòó sí, kí wọ́n má sọ ohunkóhun, kí wọ́n kàn máa kọ èyí tí ọwọ́ kọ́kọ́ nà sí àti ohun tí ẹni náà sọ nígbà tó gbé e. Kí àkọsílẹ̀ yẹn ní máàkì tirẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, kí ó sì wà níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi ara wọn bóyá fọ́tò olówó ni yóò lọ síwájú.