Ojú Tó Mọ Ọkọ̀: Lámèyítọ́ Èbúté ní Ìlàjẹ

Àpilẹ̀kọ tí Robert Farris Thompson kọ lọ́dún 1973 lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà ni ọ̀pọ̀ wa ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹwà igi gbígbẹ́. Ó gbé ère síwájú àwọn ará ìlú àti abúlé, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó dára àti ìdí tó fi dára. Wọ́n sì sọ: kí ère gún, kó dán, kó jọ ènìyàn láìjọ ẹnì kan pàtó jù, kí ojú àti ẹnu rẹ̀ hàn kedere, kó sì ní ara ọ̀dọ́. Ẹ̀rí ńlá nìyẹn pé adájọ́ ọnà ti wà láàárín wa kí yunifásítì tó dé. Àbùkù tí mo rí sí i ni pé orí ère ló dúró sí. Ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Àràròmí títí dé Awóyè, igi tí ojú ń rí jù lójoojúmọ́, tí ẹnu sì ń sọ jù, ọkọ̀ ni.

Èmi dúró lórí èyí: àwọn tó ń kóra jọ sí èbúté nígbà tí ọkọ̀ tuntun bá gúnlẹ̀, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe, iṣẹ́ náà sì le ju ti ère lọ. Ère lè wà lójúbọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí àṣìṣe ọwọ́ agbẹ́gilére má hàn sí ẹnikẹ́ni. Akànkọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì í ṣe, omi á tú u fó kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo ti fara balẹ̀ wò wọ́n ní Ìgbókòdá, níbi tí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹja ti ń pàdé. Àwọn ọ̀dọ́ á kọ́kọ́ yọ fóònù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà ní Mákòkó nílùú Èkó. Àgbà apẹja ò ní wo ibi tí fóònù wà. Ìdí ọkọ̀ ló máa lọ, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á fi ojú kejì tọ ìlà pákó láti ìdí dé orí, bóyá ó gún àbí ó wọ́. Á fi ìka kan pákó, á tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà, á fi èékánná tọ ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, níbi tí wọ́n ti ki òwú, tí wọ́n sì fi ọ̀dà dí i. Kó tó béèrè ẹni tó ni ọkọ̀, á ti béèrè pé, “Ta ló kàn án?”

Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ níṣojú mi pé, “Bàbá, orí ẹ̀ mà ti ga jù.” Bàbá náà ò gbà fún un. Ó ní, “Òkun ni wọ́n á máa gbé e lọ àbí inú odò? Kọ́kọ́ béèrè ìyẹn ná.” Ọ̀rọ̀ àgbà yìí ló tọ̀nà. Ọkọ̀ tí yóò máa la ìgbì etíkun kọjá ní láti gbé orí sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á wọ inú rẹ̀. Gbé orí gíga kan náà wọ inú odò tóóró, atẹ́gùn á máa tì í kiri, ẹni tó jókòó sídìí ẹ́ńjìnnì ò sì ní rí iwájú rẹ̀ dáadáa. A ò lè pe orí ọkọ̀ kan ní arẹwà kí a tó mọ omi rẹ̀. Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2014, ti jẹ́ ká mọ̀ pé oríkì àti èdè ni ọ̀nà tí a fi ń wọnú ọnà Yorùbá. Ní ti ọkọ̀, mo fi omi kún un.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ ni ibi tí èrò ọ̀nà kì í wò, ìyẹn pákó ìdí tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ pín sí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú àti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú fẹ́ pákó tó ga ní nǹkan bí ínṣì 15. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn fẹ́ nǹkan bí 20. Bí pákó bá ga jù fún ẹ́ńjìnnì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á máa gba atẹ́gùn dípò omi, ariwo á pọ̀, ọkọ̀ ò ní rìn. Bó bá kéré jù, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ lábẹ́ omi, omi á máa ta sókè, epo á máa ṣòfò. Akànkọ̀ tó mọṣẹ́ á ti béèrè irú ẹ́ńjìnnì tí oníbàárà ní, ìbáà ṣe Yamaha alágbára ẹṣin 40 tàbí 15, kó tó ti ayùn bọ pákó yẹn. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dé tán ni wọ́n tó wá kan ègé pákó mìíràn lé ìdí rẹ̀. Ọ̀dà pupa tó ń dán lára rẹ̀ kò bo àbùkù náà.

Irú ìfẹ́ sí ibi tí èrò ọ̀nà kì í wò yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ìdíje kẹ̀kẹ́ orí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006. Dirty Kanza ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí i sí Unbound Gravel lọ́dún 2020. Òkúta agbègbè náà mú, ó ń ya táyà. Àwọn olólùfẹ́ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ṣa férémù níbì kan, wíìlì níbòmíràn, jíà níbòmíràn, wọ́n á tò ó bó ṣe bá ara àti ọ̀nà wọn mu, wọ́n á wá gbé e fún ẹlẹgbẹ́ wọn wò. Ojú tó mọ̀ ọ́n á tètè lọ sí àlàfo tó wà láàárín táyà àti férémù, torí ibẹ̀ ni ẹrọ̀fọ̀ ti ń há. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìlàjẹ bóyá ẹ́ńjìnnì ṣe é gbé sókè wéré, látìgbà tí koríko orí omi tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Àgbádárìgì lọ́dún 1984 ti tàn dé odò wa, tó ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ kó máa tì í. Kò síbi tí a ń sọ̀ sí láàárín ìgbì.

Ayétòrò, ìlú kan ní etíkun Ìlàjẹ, ló mú ọ̀rọ̀ lámèyítọ́ ọkọ̀ yìí jinlẹ̀ fún mi. Lọ́dún 1947 ni àwọn tó ya kúrò lára Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó, iṣẹ́ àti dúkìá sì jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀ títí di 1968. Ọkọ̀ kíkàn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi di ọlọ́rọ̀. Stanley Barrett kọ odidi ìwé lórí bí ìlú náà ṣe gòkè tó sì relẹ̀, ó jáde lọ́dún 1977. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ọkọ̀ kan pé tòun ni. Ẹni tó bá yìn ín, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń yìn, kì í ṣe olówó. Àwọn kan á ní ìgbà yẹn ló dára jù fún ọnà. Mi ò gbà pátápátá. Oníbàárà tó mọ omi rẹ̀, tó sì mọ ohun tó fẹ́, a máa fa ọwọ́ akànkọ̀ síwájú. Ó lè ní kí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ sókè díẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àwọ̀n, akànkọ̀ á sì ronú ohun tí kò rò rí.

Ní ti igi, mo lérò pé àkókò wa ti bà á jẹ́. Arère, tí wọ́n ń pè ní wawa ní Gánà, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gbẹ́, òun ni Gánà fi ń gbẹ́ ọkọ̀ òkun wọn. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n kòkòrò inú omi iyọ̀ kì í tètè jẹ ẹ́. Igi ńlá tó ṣe é gbẹ́ lódindi ti ń dín kù, ni pákó fi gbapò rẹ̀, ni ọkọ̀ fáíbà náà fi ń wọlé. Fáíbà kì í rà, kì í sì í fẹ́ òwú àti ọ̀dà lọ́dọọdún. Mi ò lè bá ẹni tó rà á jà. Àmọ́ inú mọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Ohun tó kù tí oníbàárà lè yàn kò ju àwọ̀, orúkọ àti ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀dà àti orúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ọkọ̀ aláwọ̀ títàn ni wọ́n ń tètè rí nínú kùrukùru, ẹsẹ Bíbélì tàbí orúkọ ìyá tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń sọ ohun tí onítọ̀hún gbọ́kàn lé. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ni ìwòye àwọn ọ̀dọ́ ti fẹ́ máa parí, nígbà tí ìdí, orí àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nípa wọn mọ́.

Fọ́tò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lè ṣèrànwọ́ bí wọ́n bá yà á bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni wọ́n ń yà láti iwájú, nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kó ẹrù, tí oníkálukú dúró sórí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n yà á láti ìdí kí pákó ẹ́ńjìnnì hàn, kí wọ́n sì tún un yà nígbà tó bá ti kó ẹja tàbí èrò, kí a rí ibi tí omi dé lára rẹ̀. Kí wọ́n kọ orúkọ akànkọ̀ sí i pẹ̀lú irú igi tó fi ṣe é, kí wọ́n sì kọ omi tí ọkọ̀ náà ń lọ.