Ẹnu Olùfinimọ̀nà: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-Àjò Ọlọ́jọ́ Kan ní Cusco

Olùfinimọ̀nà tó dúró níwájú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, tó ń sọ ohun tí àlejò yóò rí kí àlejò tó rí i, òpìtàn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ sì yẹ ní yíyẹ̀wò bí iṣẹ́ òpìtàn yòówù. Ní Cusco, ìlú orí òkè ní ilẹ̀ Pérú, irú iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Láàrin òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, àlejò a rí òkúta àwọn Inka, ahoro àwọn tó ti wà ṣáájú wọn, àti ṣọ́ọ̀ṣì tí a kọ́ nígbà ìjọba Spéènì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: irú ìtàn wo ni a fi ọjọ́ kan yìí hun?

Qorikancha ni ìtàn náà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ńpìlì tí àwọn Inka ti ń bọ Oòrùn ni. Wúrà ni wọ́n fi bo ara ògiri rẹ̀. Ní ọdún 1533 ni àwọn ará Spéènì já wúrà náà, kí ó lè wọnú owó ìtúsílẹ̀ ọba Atahualpa, ọba tí wọ́n padà pa ní ọdún yẹn kan náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Dòmíníkì kọ́ ilé wọn lé ògiri tó kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1950, ilẹ̀ mì tìtì. Ilé àwọn àlùfáà bàjẹ́ gidigidi, ògiri Inka kò sì yẹsẹ̀. Ibí yìí ni olùfinimọ̀nà ti máa ń gbé ohùn sókè. Òkúta tí a gbẹ́ tí a sì tò mọ́ra láìlo amọ̀, ó ti borí iṣẹ́ ọwọ́ aṣẹ́gun! Ìtàn náà dùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ìṣẹ́gun di ìdíje àwọn mọlémọlé, bí ẹni pé ará Spéènì ló fi orí ara rẹ̀ ru òkúta ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ilẹ̀ náà ló rù ú, lábẹ́ iṣẹ́ àfipámúniṣe. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó kọ́ tẹ́ńpìlì ni a fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ìran kan náà ló mọ ògiri méjèèjì. Olùfinimọ̀nà tí kò bá sọ èyí, omi ọbẹ̀ ló bù fún àlejò, ó fi ẹran sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Tipón kò fa àríyànjiyàn. Omi ṣì ń ṣàn nínú ojú ọ̀nà òkúta tí àwọn Inka là fún un, ojú sì tó láti fi gbádùn ìyẹn. Pikillaqta ni ọ̀rọ̀ wà. Ahoro tí ògiri yí ká yìí tó 745 mítà ní gígùn àti 630 mítà ní ìbú, kì í sì í ṣe Inka ló kọ́ ọ. Àwọn Wari ni, tí agbára wọn gbilẹ̀ láàrin nǹkan bí ọdún 600 sí 1000. Ó ju 300 ọdún lọ lẹ́yìn wọn kí ìjọba Inka tó di ńlá. Ṣùgbọ́n Inka ni orúkọ tí àlejò ti gbọ́ nílé kí ó tó wá, ó sì rọrùn láti da gbogbo ahoro sínú agbọ̀n kan náà. Orúkọ ìlú náà gan-an, èdè Quechua ni: ìlú kòkòrò tí í fò lára ajá. Orúkọ tí àwọn onílùú fi pè é kò sí mọ́. Ó yẹ kí àlejò gbọ́ èyí, nítorí àdánù náà wà lára ohun tí ó wá wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì Andahuaylillas ni ó yẹ kí a pẹ́ sí jù lọ, òun ni a sì sábà máa ń kánjú kúrò níbẹ̀. Wọ́n á ní Sistine ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Oríkì ilé onílé nìyẹn. Ó sọ ṣọ́ọ̀ṣì náà di àbúrò ilé kan ní Róòmù, àlejò á gbójú sókè wo àjà, ó tán. Bẹ́ẹ̀ ni lókè ẹnu ọ̀nà, Luis de Riaño ya ọ̀nà méjì sára ògiri: tóóró ẹlẹ́gùn-ún tó lọ sí ọ̀run rere, àti gbòòrò olódòdó tó lọ sí iná. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní Yúróòpù ni ó wò yà á, ṣùgbọ́n àwọn tí Toledo, aṣojú ọba Spéènì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú wọn kúrò ní abúlé wọn láti ọdún 1570 síwájú ni a fẹ́ fi kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ pé kí tálákà farada ẹ̀gún kò lè dọ́gba lẹ́nu ẹni tó ni ilẹ̀ àti lẹ́nu ẹni tó gbà á.

Àlùfáà ibẹ̀, Juan Pérez Bocanegra, gbọ́ Quechua dáadáa. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1631 ní orin Quechua olóhùn mẹ́rin kan nínú, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lára ògiri ẹnu ọ̀nà yàrá ìrìbọmi, a kọ gbólóhùn ìrìbọmi ní èdè márùn-ún: Látìnì, Spáníìṣì, Quechua, Aymara àti Puquina. Puquina ti kú. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Gbólóhùn márààrún yìí ni ìwé tó ṣòro kà jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Ó fi hàn pé ṣọ́ọ̀ṣì tó wó òrìṣà onílẹ̀ ló tún fi èdè rẹ̀ sára ògiri, àti pé kíkọ nìkan kò gba èdè lọ́wọ́ ikú. Olùfinimọ̀nà tó fi àjà oníwúrà han àlejò, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí kọjá láìdúró, ti fi ohun tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà ṣòfò.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Quechua ni èdè ìyá wọn, bí ó ti rí fún èèyàn tó ju 3 mílíọ̀nù lọ ní Pérú nínú ìkànìyàn ọdún 2017. Irú wọn a dúró, wọn a ka ìlà Quechua sókè, wọn a sì dákẹ́ díẹ̀ níwájú ìlà Puquina kí wọ́n tó pe àlejò padà sínú ọkọ̀.